Mo Rò Pé Ó Ń Sinmi Ni

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Èmi, bàbá kan tí ẹṣin rẹ̀ kú, àti dókítà ẹran la jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Onípáànù.

"Nígbà tí mo gùn ún dé láti yídì lọ́jọ́ Iléyá, mo bu ọkà bàbà ìlọ́po méjì fún un. Mo fi dúpẹ́ ni."

"Tòun ti òógùn lára, bàbá? Ṣé ó ń yí gbiri nílẹ̀, tó ń bojú wo ikùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́."

"Inú ló ń run ún. Ẹ ò bá ti ránṣẹ́ sí mi."

"Mo rò pé ó ń sinmi ni, dókítà. Mo tilẹ̀ lé àwọn ọmọdé, kí wọ́n má baà jí i."

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyàwó mi rí, kó tó kú. Ọmọbìnrin mi sì wà nílé lọ́jọ́ náà, inú ń run ún, ó ní òun fẹ́ sinmi. Bí mo ti délé nírọ̀lẹ́ náà, mo gbé e lọ sí ọsibítù.