Ìka Tí Mo Nà Sójú Òkun

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ wá jókòó. Àkọ́bí mi, gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná, kò sí oògùn níbẹ̀ tó lè wo ohun tó ń ṣe mí. Ìyàwó Oníbúrẹ́dì, ìwọ gan-an ni mo ránṣẹ́ pè. Sún àga rẹ mọ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n má tíì di ọwọ́ mi mú. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán tí ó ṣì wù ọ́ láti dì í mú, a jẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ ti kú, mi ò sì fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá tèmi báyìí, orí ibùsùn ló bá mi.

Gbogbo yín ló mọ̀ mí. Aránṣọ ni mí, mi ò sì fi iṣẹ́ mi ṣeré rí. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìyìn. Ẹ má wojú ara yín, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Bí oníbàárà bá gba aṣọ rẹ̀ tí kò yìn ín, oúnjẹ alẹ́ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ojú mi ni mo sì fi ń yangàn jù. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń wọ dígí kí wọ́n tó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi ń fi í bọ̀ ọ́ láìwo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, màá sì rí i dájú pé ẹnìkan wà nítòsí tó ń wò mí. Àbúrò mi tó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, dígí tirẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń kí i: "Afọ́jú mi, ṣé o rí ọ̀nà wá?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo gbọ́ ariwo yín, Ẹ̀gbọ́n mi, òun ni mo tẹ̀ lé." Gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í léèrè rí bóyá ó dùn ún.

Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, ẹ̀yin ọmọ mi lẹ ní kí èmi àti àbúrò mi wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun, kí a lọ fi ara sinmi. Ọkọ̀ náà tóbi bí àdúgbò. Yàrá wà lórí yàrá, àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí sì jọra débi pé ojoojúmọ́ ni mò ń ṣi ilẹ̀kùn kàn. Nídìí tábìlì oúnjẹ ni a ti pàdé ìwọ àti ọkọ rẹ. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Ó mú búrẹ́dì tí wọ́n gbé síwájú wa, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹni tó po ìyẹ̀fun yìí ń bínú sí ìyàwó rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní Oníbúrẹ́dì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ń pè mí ní Màmá Aránṣọ. Nígbà tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já, mo rán an padà lórí ìjókòó níbẹ̀, ó sì pariwo sí gbogbo tábìlì: "Ẹ wá wo ojú o! Ojú àṣá nìyí!" Inú mi dùn fún odidi ọjọ́ náà. Ọmọ dáadáa ni ọkọ rẹ.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, wọ́n ti kó gbogbo èrò jọ, ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan tó wọ funfun kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe bí ewu bá dé. Ó ní bí ènìyàn bá já sómi, ẹni tó bá rí i kó ké, kó nàka sí i, kó má gbójú kúrò lára rẹ̀, kó má sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní orí ènìyàn kéré púpọ̀ lójú òkun, ẹni tó bá gbójú kúrò lẹ́ẹ̀kan lè má rí i mọ́ láéláé. "Ìka yín ni ọkọ̀ máa tẹ̀ lé," bó ṣe wí nìyẹn. Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Bó bá kan ìwọ, jọ̀ọ́, sáré wá pè mí." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó, o rántí ọ̀sán ọjọ́ tí ọkọ rẹ kú jù mí lọ. Oòrùn mú, omi ń dán. Ọkọ rẹ ní kí o ya òun ní fọ́tò, ó gun irin ìdènà tó wà létí ọkọ̀, ó sì jókòó lé e bí ẹni pé àga ilé rẹ̀ ni. O ti ń dá ara rẹ lẹ́bi fún fọ́tò yẹn láti ìgbà náà, nítorí náà gbọ́ mi níwájú gbogbo àwọn wọ̀nyí: ìwọ sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀. Mo fi etí mi gbọ́ ọ. O ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀." Èmi ni mo ń pariwo pé, "Fi í sílẹ̀, jẹ́ kí arẹwà ṣe bí arẹwà." Ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, orí irin náà sì ṣófo.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ké, irọ́ kọ́ nìyẹn. Mo sáré dé etí irin, mo sì nàka sí i. Ẹnìkan ju táyà funfun tí wọ́n fi ń gba ẹni tó ń rì là sómi. Ìwọ ti ṣubú lulẹ̀, àwọn obìnrin méjì sì dì ọ́ mú. Atukọ̀ yẹn sáré dé, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ má wo ibòmíràn. Ẹ̀yin ni ojú gbogbo wa báyìí." Mò ń rí ọkọ rẹ kedere. Mo rí orí rẹ̀, mo rí apá rẹ̀ tó nà sókè. Ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ń fà lọ, ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, àwọn atukọ̀ sì ń sọ ọkọ̀ kékeré kan kalẹ̀. Apá mi ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi. "Ẹ wo màmá yìí! Ẹ wo bó ṣe dúró gírí! Màmá, ẹ wo ọ̀dọ̀ wa níbí." Àwọn èrò ti yọ fóònù. Ó wù mí kí n purọ́ níbí yìí, kí n ní eruku kó sí mi lójú, tàbí pé ẹnìkan tì mí. Ẹnikẹ́ni ò tì mí. Mo yíjú sí wọn. Mo fi ọwọ́ kejì tún síkáàfù orí mi ṣe, mo sì dúró kí wọ́n yà mí. Kò ju àkókò tí mo fi ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí mo padà wo òkun, omi nìkan ni mo rí.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì ń rí i?" Atukọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ni pé, "Mi ò rí i mọ́." Ẹ gbọ́ bó ṣe kúrú tó! Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ á bá wa wá a, wọ́n á sì tún rí i. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn wà lára mi, wọ́n ń yìn mí, ẹnu burúkú mi sì dáhùn pé, "Mò ń rí i dáadáa." Mo na ìka sí ibì kan tí omi ti ń hó funfun. Ó sọ ọ́ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ kékeré sì kọrí síbẹ̀.

Àbúrò mi fà mí láṣọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, nítorí kì í fẹ́ dójú tì mí láwùjọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ kọ́. Ẹ wo apá òsì, lọ́hùn-ún yẹn. Nǹkan dúdú kan ń yọrí níbẹ̀." Atukọ̀ gbọ́, ó yíjú sí i. Èmi náà wo apá òsì. Ìyàwó, ibi tó burú jù nìyí, fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mo wò ó, mo sì rí i. Mo rí dúdú kan tó yọ, tó tún wọlẹ̀, tó tún yọ. Ọkàn mi sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ìka padà, gbogbo wọn á mọ̀ pé mo ti ń purọ́ bọ̀. Mo bá gbé ohùn sókè kí atukọ̀ lè gbọ́, mo ní, "Ìwọ tí o kì í rí àwo tó wà níwájú rẹ, ìwọ lo wá ń rí ojú òkun? Jẹ́ kí àwọn tó ríran ṣiṣẹ́ o jàre!" Ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Atukọ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi sọ ọwọ́ tó fi di aṣọ mi mú kalẹ̀.

Wọ́n yí ibi tí mo fi hàn wọ́n ká, wọn ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sún lọ sápá òsì fúnra wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i. Dókítà inú ọkọ̀ ní kò tíì pẹ́ tó dákẹ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ. Atukọ̀ wá ń tù mí nínú pé, "Omi ló gbé e lọ síbẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà wá, o di ọwọ́ mi yìí mú, o fi ẹnu kan ìka yìí, o ní, "Bí kì í bá ṣe ti ìka yín, òkú rẹ̀ gan-an mi ò bá má rí sin." Mo gba ìyẹn náà. Láti ìgbà náà lo ti ń pè mí ní ìyá rẹ, ọdọọdún lo sì ń gbé búrẹ́dì wá láti inú ilé búrẹ́dì tó fi sílẹ̀ fún ọ. Mo jẹ búrẹ́dì ọkọ rẹ, Ìyàwó. Mo tún máa ń bèèrè òmíràn.

Nínú yàrá wa lórí ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi bọ́ dígí, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, "Mo rí i o, Ẹ̀gbọ́n mi." Mo ní bó bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun ló pa mí. Ó bá mi gbé e títí ikú fi dé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní, "Mo ti fọ́jú fún yín tó. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn." Mo ṣèlérí, ó sì tún gbà mí lódidi ọdún kan. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n tèmi kò dúró de ẹ̀yìn, ojoojúmọ́ ló ń bá mi jí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ṣìnà, ẹ sọ pé ẹ ti ṣìnà, kódà bí gbogbo ayé bá ń pàtẹ́wọ́ fún yín lọ́wọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan ni mo sá fún.

Àkọ́bí mi, bá mi yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri, èyí tí àwọn èrò yà mí létí irin ọkọ̀, tó wà lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Gbé e fún un. Ìyàwó, ìwọ lo fi férémù sí i tí o gbé e wá fún mi, àwọn oníwèé ìròyìn sì tẹ̀ ẹ́ jáde káàkiri. Ìka ni gbogbo ayé ń wò nínú rẹ̀. Fi àtàǹpàkò rẹ bo ìka yẹn, kí o wá wo ojú mi. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣé o rí ibi tí mò ń wò? Ṣé o rí ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi? Ọkọ rẹ ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn. Ó na apá sókè, ó ń wò wá.

Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, ilẹ̀kùn nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi ò gbọdọ̀ dá ọ dúró. Mi ò ní na ọwọ́ sí ọ. Orí aṣọ ìbora yìí ni mo gbé e sí.