Ta Ló Jẹ Adùn Matcha Mi?

Ẹ má wò mí báyẹn látinú fọ́tò, Màmá! Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe. Mo ti tan tùràrí, mo ti lu agogo, mo ti kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, ẹ má fi èéfín dí mi lójú!

Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹsẹ̀ yín ò ní tẹ ilé tíì etí odò Uji yẹn láéláé? Ẹ̀yin tí ẹ já ewé tíì lábẹ́ aṣọ ìbòji láti kékeré títí ẹ̀yìn yín fi tẹ̀! Ẹ ní ẹni tó bá lọ ewé tíì kúnná di matcha, tó tún wá pò ó mọ́ ṣúgà àti áísìkiriimù, orí onítọ̀hún ò pé. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́. Kí lẹ wá ń wá níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ kú?

Ọ̀sẹ̀ tí a sun òkú yín ni Chizuyo ọ̀rẹ́ mi fà mí lọ síbẹ̀, ó ní kí n lọ gba atẹ́gùn odò sára. Wọ́n gbé áísìkiriimù matcha wá, ẹ̀wà pupa oníṣúgà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bù ú sẹ́nu. Háà! Kò korò, kò dùn, bí ẹni ń jẹ yìnyín. Chizuyo tọ́ ọ wò nínú àwo mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́, eléyìí dùn o! Ahọ́n rẹ ló ń ṣọ̀fọ̀." Ahọ́n wo? Mo wo àwo, wọ́n ti bu ẹ̀gbẹ́ kan jẹ, níbi tí ṣíbí èmi àti tirẹ̀ ò dé! Òórùn ewé tíì tútù sì gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi kọjá, òórùn aṣọ iṣẹ́ yín, Màmá, mo fi Búdà búra!

Kí lẹ ní? Pé ó lè jẹ́ òkú ẹlòmíràn? Nínú gbogbo òkú ìlú yìí, ta ló tún ń fi ṣíbí bu oúnjẹ mi wò kí n tó jẹ ẹ́? "Ó níyọ̀ jù." Lọ́jọ́ kejì, "Iyọ̀ dà?" Ọjọ́ wo ni mo gbé ọbẹ̀ mísò kalẹ̀ nílé yìí tí ẹ ò kọ́kọ́ tọ́ ọ? Àwọn àgbà ní oúnjẹ tí òkú bá ti jẹ, adùn rẹ̀ ti lọ. Mo pààrọ̀ tábìlì, mo ní kí wọ́n gbé kéèkì matcha wá, omi lásán lẹ́nu mi! Mo rò pé ikú á jẹ́ kí n sinmi, àṣé ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn mi!

Ẹ dúró, mi ò tíì débi tó ń dùn mí.

Wọ́n ní ẹ̀mí á máa rìn yí ilé ká títí di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta. Àná ló pé. Àlùfáà kàwé mímọ́, a gbé egungun yín lọ sí ibojì, ó ní ẹ ti kọjá sí ọ̀hún. Lónìí èmi àti Chizuyo tún lọ sí ilé tíì, mo bu áísìkiriimù sẹ́nu...

Ó dùn, Màmá! Ó korò, ó dùn, ó kún ẹnu mi! Ohun tí mo wá bá yín jà lé lórí nìyẹn! Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ mi, òfìfo. Mo ti àwo síwájú rẹ̀, mo dúró títí, ó yọ́ di omi, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Chizuyo ní, "Ìyá ọkọ tó yọ ẹ́ lẹ́nu lo wá ń sunkún fún?" Mo nu ojú, mo dìde wá bá yín nílé.

Ẹ jẹ tèmi, jẹ tèmi, ẹ wá dìde láìdágbére? Ta lẹ fi ọbẹ̀ mi lé lọ́wọ́? Tatsuro ọmọ yín yẹn? Èyí tí mo bá gbé fún un ló ń jẹ, ì bá à jẹ́ omi òkun!

Ó dáa. Ọbẹ̀ ti wà lórí iná, mò ń lọ tọ́ ọ wò báyìí. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bù ú jẹ, ẹ má jẹ́ kó níyọ̀ lẹ́nu mi.