Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ayò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ǹ bá gbé e mì títí láé, àmọ́ ohun tí ọkọ mi bi mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kó ṣeé gbé mì mọ́.

Tíṣà ni mí ní Olódò. Èmi nìkan ni obìnrin tó kàwé nínú ìjọ aládùúrà wa nígbà náà, ohun tí mo bá sì ti sọ, abẹ́ ti gé e. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àwọn ọ̀dọ́ bèèrè irú eré tí ọmọ Ọlọ́run lè ṣe. Pásítọ̀ ní kí Tíṣà dá wọn lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, orí mi wú. Mo dìde, mo ń dájọ́ eré bí adájọ́ ní kóòtù.

Mo ní lúdò dára, ó ń kọ́ni ní sùúrù, kí wọ́n ṣáà máa ṣọ́ ẹni tó ń ju dáìsì sábẹ́ tábìlì. Òkòtó kò burú, àmọ́ kí wọ́n yé fi ṣóńṣó rẹ̀ gbá ara wọn lẹ́yìn ọwọ́, torí ọwọ́ wíwú kì í kọ̀wé. Dírááfù? Eré ọlọ́gbọ́n ni, èébú ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹkùn-mẹ́ran, ẹ máa ṣe é, ẹ ó sùn dáadáa. Káàdì ni mo ní kí wọ́n má gbé wọ ilé Ọlọ́run rárá. Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe àmín.

Ẹnìkan wá bèèrè pé: "Ayò ńkọ́, Tíṣà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀ta ayò ni ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́. Bí wọ́n bá ti oko dé tí wọ́n wẹ̀, ó di abẹ́ igi máńgòrò, lọ́dọ̀ Bàbá Làmídì ọ̀rẹ́ wọn. Èmi á gúnyán, iyán á tutù. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ilé. Mo ń jowú ọpọ́n ayò lásán-làsàn.

Mo ní ayò kì í ṣe eré. Mo ní àwọn abọ̀rìṣà ló ń fi ọmọ ayò wádìí ọ̀rọ̀ láyé àtijọ́, ẹni tó bá sì ta á ti bọ̀rìṣà láìmọ̀. Irọ́ ni. N kò kà á níbì kankan, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi.

Ọkọ mi wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú. Wọn kò jiyàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ọpọ́n lọ fún Bàbá Làmídì, tí í ṣe Mùsùlùmí, wọ́n ní ìjọ àwọn kò gbà á mọ́. Wọ́n padà wá jókòó tì mí. Mo yọ̀.

Àmọ́ ẹ̀rín wọn kò bá wọn wálé. Wọ́n á jẹun, wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, síbẹ̀ n kò rẹ́nu sọ òótọ́. Dúpẹ́ tí n kò tíì bí nígbà náà ti wà nílé ìwé báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Làmídì, tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé wa, ọpọ́n wà ní abíyá wọn. Wọ́n ní: "Alàgbà, ìwọ òpè yìí, wá jẹ́ kí n nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn gan-an. Wọ́n nawọ́ sí ọpọ́n, wọ́n tún fa ọwọ́ padà. Wọ́n kọjú sí mi: "Ìyá Dúpẹ́, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé ó dá ọ lójú pé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo ní ọbẹ̀ ń jóná, mo sá wọlé. Bàbá Làmídì gbé ọpọ́n wọn, wọ́n lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi nìkan ni, àbí kí n dìde nínú ìjọ níbi tí mo ti pa irọ́ náà? Kì í ṣe ìbínú wọn ni mo ń bẹ̀rù, wọn kì í bínú sí mi. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí wọ́n wò mí lójú, kí wọ́n ní: "Ṣé torí kí n lè wà nílé ni? Kí ló dé tí o kò kàn pè mí?"

N kò pè wọ́n rí.