Èmi Ni Mo Pa Atukọ̀ Inú Géèmù Boaz

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀rí ìwòsàn lẹ ní kí n wá jẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi ò lè pé bí mi ò bá kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àyà mi tó já.

Lọ́dún 1997, bàbá mi gbé kọ̀ǹpútà wálé, ẹ̀gbọ́n mi Boaz sì rí géèmù kan fi sínú rẹ̀. Odidi ilẹ̀ kan ló wà nínú géèmù yẹn. Ibi tó bá wù ọ́ ni wàá rìn dé. O lè gbani là, o lè jalè, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kì í gbàgbé ohun tó o bá ṣe. Hàbíbátù, ọmọ ìyá olóbì kan ní Ṣàgámù, tí èmi àti ẹ̀ jọ wà ní kíláàsì, máa ń wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Boaz, àwọn méjèèjì a sì jọ gbá géèmù náà. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kíṣìnnì: "Bọ̀dá Boaz, ẹ má pa olè yẹn o! Ẹ bi í léèrè ohun tó sọ ọ́ dolè." Wọ́n dá olè náà sí, òun ló sì padà fọ̀nà hàn wọ́n. Atukọ̀ arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé wọn sọdá odò lọ́fẹ̀ẹ́. Hàbíbátù fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá àgbà ẹ̀.

Ìlara ló mú mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo purọ́ pé orí ń fọ́ mi, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tan kọ̀ǹpútà. Mo ja atukọ̀ lólè, mo gbé idà sókè, mo wá dúró, mo ń retí kí nǹkan kan dí mi lọ́wọ́. Kò sí. Mo pa á. Mo sì tọ́jú géèmù náà bẹ́ẹ̀ sórí èyí tí wọ́n ti ń ṣe làálàá gbá bọ̀, tí kò fi ṣeé dá padà mọ́. Kò sí ará ìlú kankan nínú géèmù náà tó ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní Mọ́ńdè, Boaz fìbínú kọjú sí Hàbíbátù, torí òun ló lò ó gbẹ̀yìn ní Fráídè. Ọmọ náà yíjú sí mi. "Ṣìkẹ́mi, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn. Ṣé bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn?" Mo wolẹ̀. Èmi ọ̀dàlẹ̀! Mo ní, "Mi ò mọ̀ o. Ìwọ lo lò ó kẹ́yìn." Boaz ní kó má padà wá mọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ wọkọ̀ Ṣàgámù.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lóṣù tó kọjá, Hàbíbátù gbọ́, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Ta ló kù nílé yín lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn?"

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ṣé kí n fipá gbà á lẹ́nu ẹ ni? Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ló máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, Ṣìkẹ́mi. Ọdún kan gbáko ni mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà." Ó nu ojú rẹ̀, ó bu ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí mo sọ fún Boaz náà, ó lọ bẹ Hàbíbátù àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tí kò bá sẹ́ni tó ń wò yín lẹ máa mọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí títí mo fi rí ẹnu sọ ọ́. Hàbíbátù ló jókòó lẹ́yìn yẹn, tó da ìborí aláwọ̀ ewé borí. Bí a bá parí ìsìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kí i, kí ẹ tó wá kí mi kú ewu.