Ìwé Tó Wà Nínú Ìjókòó Ìyàwó Mi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, tí mo sì wá fi ìṣó kàn mọ́ inú igi, àyà mi kò sì lágbára mọ́ láti máa gbé e kiri. Mo jí ìwé tíṣà mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé tí ọmọdé jí kò tó ohun tí arúgbó ń jẹ́wọ́, kó kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Obìnrin kúkúrú kan ni Tíṣà, tó máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ kọ́là aṣọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gba ìwé gbogbo wa, àwa mọ́kànlélógójì, ó sì rán òwú sí igun ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gba òwú funfun, àwọn kan gba dúdú, àwọn kan gba pupa. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Láti ọjọ́ náà, a kò ṣe iṣẹ́ kan náà mọ́. Bí àwọn kan ṣe ń ka ìwé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àwọn mìíràn ń ya àwòrán ohun tí wọ́n kà. Àwọn tíṣà yòókù a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ níta. Wọ́n á ní, "Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ mọ́kànlélógójì lórí iná kan." Òun náà á ní, "Ẹnu tó fẹ́ jẹ ẹ́ kò ṣáà pé méjì tó bára mu."

Òwú pupa ni tèmi. Àwa mẹ́ta péré la ní in. Ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn mi sọ fún mi pé àwọn tí kò ní yege, tí yóò tún kíláàsì karùn-ún ṣe, ni wọ́n ń rán pupa fún, ó ní ṣebí báírò pupa náà ni wọ́n fi ń fa igi lé èyí tí a kò bá gbà. Mo gbà á gbọ́. N kò bi Tíṣà léèrè. Bí mo bá ti bínú, ẹnu mi kì í béèrè nǹkan mọ́, bí mo ṣe rí nìyẹn títí dòní. Lọ́jọ́ kan ó fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìṣirò tó kún ojú ìwé, ó wá fún èmi ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti okùn, ó ní kí n lọ wọn fèrèsé. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Káfíńtà! Káfíńtà!" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi lára láti ọjọ́ yẹn. Mo wọn fèrèsé náà, mo sì gbà á láìṣe àṣìṣe kan, ṣùgbọ́n mo ti di Tíṣà sínú.

Ìwé ńlá kan wà tó máa ń kọ nǹkan sí lẹ́yìn iṣẹ́, tí kálukú wa ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó kọ nípa mi. Kí n má purọ́, ìbínú nìkan kọ́ ló gbé mi dé ìdí dúrọ́wà rẹ̀, ojú ń yún mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí olùbẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ ni mo mú un, mo ki í bọ abẹ́ ẹ̀wù, mo fi bẹ́líìtì dì í mọ́kùn.

Olùbẹ̀wò wọlé, ó wò yíká. Ó ní, "Kí ló dé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe oríṣiríṣi? Ojú ewé wo lẹ wà gan-an?" Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìwé òun yóò ṣàlàyé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó fa dúrọ́wà. Ó tún un fà. Lẹ́yìn náà ló pè mí. Ó ní, "Káfíńtà mi, ìwọ lo mọ igi. Bá mi wò ó bóyá ó jábọ́ sẹ́yìn." Bó ṣe pe orúkọ náà, bí ẹni pé oyè ni. Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn dúrọ́wà, etí ìwé náà ń gún mi níkùn, mo sì sọ pé, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, mà."

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ tipẹ́. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, tó tẹ̀lé olùbẹ̀wò wọlé, béèrè pé ta ló máa ń kù sí kíláàsì nígbà tí àwọn yòókù bá jáde lọ ṣeré. Èmi ni mo fi ẹnu júwe ọmọbìnrin tó jókòó síwájú pátápátá. Etí ọmọ náà kì í gbọ́ dáadáa. Tíṣà ló máa ń dá a dúró, á jókòó kojú rẹ̀, á la ẹnu gbàgà fún un kó lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Ohun kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀ nípa rẹ̀: bí a bá bá a sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, ṣe ló máa ń forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí a lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo fi ẹnu júwe rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo mú ìwé Tíṣà?" Ó forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. "O sì ti sọ ọ́ nù?" Bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú rẹ̀, kò gbọ́ yín." Ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò ti fi ìdérí dé gègé ìkọ̀wé rẹ̀. Wọ́n na ọmọ náà ní ẹgba mẹ́fà. Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi ní kí Tíṣà máa lọ. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kọjú sí pátákó, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ojú ewé kan náà ni gbogbo wa ń kà. Ìyá ọmọbìnrin náà mú un kúrò. Nígbà tó yá, èmi náà kúrò, mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà.

Ọmọbìnrin yẹn ni ìyàwó mi. Ẹ rọra. Ìlẹ̀kùn ni mo lọ ṣe fún ìyá rẹ̀ tí mo fi tún un rí, a ti dàgbà nígbà náà. Àwọn kan á ní ẹ̀rí ọkàn ló jẹ́ kí n fẹ́ ẹ. Èmi náà ti bi ara mi títí, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi ló máa ń wò, kò sì sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí àfi Tíṣà. Mo kan ìjókòó kan fún un, mo fi pákó méjì ṣe ìdí rẹ̀, mo sì fi ìwé náà sí àárín. N kò tíì ṣí i wò. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n kọ òmùgọ̀ síbẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìyàwó mi jókòó sí tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, tó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé dípò kó kọ orúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ọjọ́, mo máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, n óò sọ ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, n óò sì sọ fún ara mi pé mo ti jẹ́wọ́. Ẹ ò rí i pé olè ṣì ni mí.

Ọdún yìí ni ọmọ ọmọ mi mú bébà tí wọ́n ká ní kíká wálé, ó ní iṣẹ́ tòun nìyẹn, pé ìṣirò ni wọ́n fún àwọn yòókù. Inú bí mi. Mo kọrí sí ilé ìwé. Mo ní, "Tíṣà, ṣé ọmọ mi ni ẹ rí fi ṣe ẹlẹ́yà?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ tíṣà rẹ̀ fún mi ní àga. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká bi í." Ọmọ náà ká bébà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó ká a sí mẹ́jọ, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wò ó, mẹ́rin nínú mẹ́jọ àti ìdajì, nǹkan kan náà ni." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Bí mo bá kọ ọ́ sójú pátákó, kì í yé e. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́ ọ." Mo wo ọwọ́ tèmi.

Mo délé, mo fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó ìdí ìjókòó náà. Tíṣà ti lẹ òwú mẹ́ta mọ́ inú èèpo ìwé náà, ó sì kọ ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Funfun, etí. Dúdú, ojú. Pupa, ọwọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ojú ewé tèmi: "Ìbínú rẹ̀ máa ń pẹ́. Má fi í wé ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kó wọn nǹkan kó tó kọ ọ́. Òun ni n óò fi ṣe igbákejì mi nínú ìṣirò." Mo ṣí ti ìyàwó mi: "Lẹ́tà mọ́kànlá ló kù kó mọ̀ wọ́n tán. Bó bá forí dáhùn, má gbà á. Bọ́ síwájú rẹ̀, kí o tún un bi."

Ẹ̀yin ọmọdé, bí wọ́n bá rán òwú sí yín níwèé, ẹ béèrè.

Ìyàwó mi wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí nílẹ̀, ìjókòó rẹ̀ dojú dé. Ó ní, "Kí ni ìjókòó mi ṣe yín, Bàbá?" Ó wá rí òwú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ kan òwú dúdú, èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ìwé Tíṣà nìyí. Níbo lẹ ti rí i?" Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, pé inú pákó àlòkù kan ni mo ti bá a. N kò pa á. Mo dorí kodò, mo sọ òótọ́, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́.

Ó forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rọra dìde, mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo gbé ojú sókè kó lè rí ẹnu mi. Mo gbé ohùn sókè títí obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójúde kejì fi dá ọwọ́ dúró. Mo ní, "Èmi ni mo jí i. Èmi ni mo fi ẹnu júwe rẹ. Èmi ni."

Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò forí dáhùn.