Ìlú Tí Mo Yọ Kúrò Lọ́nà Ìyá Razak

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Manigri, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn bá ìwé yìí pàdé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ fìdí kalẹ̀. Èmi Wassilatou ti gbé ohun kan mì láti ọdún méjì, kò dà nínú mi, kò sì ṣeé pọ̀. Lónìí n ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní fi oyin sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gégùn-ún fún mi, kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ná.

Aminatou lorúkọ ìyá tí mo ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Razak ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí ń fọ́ kajú. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìkòkò Ìyá Razak ni mo jẹ dàgbà, ẹní rẹ̀ ni mo sùn títí mo fi lọ kàwé ní Bassila. Razak, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fi oko iṣu sílẹ̀, ó gba aṣálẹ̀ kọjá sí Italie, ó ń ká tòmátì lẹ́bàá ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Foggia. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ó ṣubú sáàárín tòmátì, kò sì dìde mọ́. Husseini, ọmọ Pénéssoulou, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló bá wa sin ín. Ìyá rẹ̀ kò rí òkú, kò rí ilẹ̀ tí wọ́n gbé e sí. Orí ẹní òfìfo la ti ṣàdúà fún un níhìn-ín.

Èmi ńkọ́? Ìwé ìfẹ́ ni mo fi ń jẹun. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nílẹ̀ lọ́jà Bassila, tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń dì mọ́ra lára èèpo wọn, mo kà wọ́n títí wọ́n fi já sí mi lọ́wọ́. Mo mọ bí ọkùnrin ṣe ń dúró de olólùfẹ́ rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ọkọ̀ ojú irin rí. Nígbà tí Moudachirou, ọmọ Alédjo tó ń gbé Lyon, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi lórí fóònù, tó ní ohùn mi dà bí omi àmù lọ́sàn-án, mo gbà pé ìwé tèmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo gọ̀, àbí? Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn òyìnbó Belgique tí ń ra kajú wa ní kí ẹni méjì wá láti inú ẹgbẹ́ sí ìpàtẹ oúnjẹ kan ní Bruxelles. Ẹgbẹ́ yan Ìyá Razak, wọ́n sì yan èmi akọ̀wé láti máa túmọ̀ Faransé fún un. Níbi tí a ti ń fọ́ kajú, Nouratou pariwo pé, “Wassila, ṣọ́ra o, kí òyìnbó má lọ fi ẹ́ ṣaya!” Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, “Aya kẹ̀? Ìwé tó ń kà ti gbé e níyàwó tipẹ́!” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn ìpàtẹ náà, ọjọ́ márùn-ún ló máa ṣẹ́ kù fún wa. Obìnrin tó ń ṣètò ìrìn-àjò náà kọ̀wé sí mi pé kí a yan àwọn ìlú tí a fẹ́ dé, kí n to orúkọ wọn sínú ìwé kan kí òun lè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ń fúnni ní fisà sì mọ ibi tí a ó máa sùn. Ó kìlọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjọ́ márùn-ún gbà. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé Foggia, ibẹ̀ náà la ó ti padà. A ò ní lè yà síbòmíràn.

Ìyá Razak jókòó tì mí lórí àpótí. Mo ń ka àwọn ìlú náà fún un: Paris, Lyon, Genève tó wà létí omi ńlá. Ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo èyí tí ò ń pè yìí, ìran wíwò ni. Ìlú tí ọmọ mi sùn sí, òun ni kó o kọ. Tí mo bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n dá mi padà wálé.” Mo ní, “Ó dáa, Ìyá.” Mo mú bíírò. Mo kọ Paris. Mo kọ Lyon, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo kọ Genève, nítorí Moudachirou ti ní òun á mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Ìyá ní, “Kà á kí n gbọ́.” Mo gbé ìwé náà sókè, mo wò ó dáadáa, mo ní, “Bruxelles, Paris, Foggia.” Ó ní, “Tún un kà.” Mo tún un kà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí oje kajú ti bó pa mí lórí, ó ní Ọlọ́run á fi ọkọ rere ta mí lọ́rẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ kò la ẹnu gbé mi mì.

Husseini ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí wa, ó ti bá àlùfáà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo pè é, mo ní fisà wa kò dé Italie. Ó ní, “Wassila, bá mi bẹ Màmá. Sọ fún wọn pé mò ń ro ibẹ̀, koríko kì í bò ó.” Mi ò jíṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ fóònù tèmi nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ Ìyá.

A lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti Paris, gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni Ìyá ń bi mí pé, “Ṣé a ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?” Ní Lyon mo ní a ti dé. Moudachirou wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú òdòdó wá. Ó kéré sí àwòrán rẹ̀, ó sì ń wo aago ṣáá. Síbẹ̀ ó pè mí ní “ìfẹ́ mi” lójú gbogbo èrò, ẹsẹ̀ mi sì kúrò nílẹ̀. Mo sọ fún Ìyá pé ọ̀rẹ́ Husseini ni, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí Husseini fúnra rẹ̀ wá. Ìyá kò jẹun, ó ní ẹnu òun ti dì títí òun á fi rí ọmọ òun. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Moudachirou fi Faransé sọ fún mi pé, “Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé! Ṣé ó mọ ibi tí ilẹ̀ Faransé parí sí ni? Àyè ìsìnkú àwa Mùsùlùmí wà níhìn-ín. Mú un lọ síbẹ̀, kó sunkún tán, ká ráyè ara wa.” Ẹ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́ tí mo bá ń kírun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo mú un lọ. Mo ń wo àwọn ibojì bí ẹni tó ń ṣa iṣu lọ́jà. Mo yan ọ̀kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, tí pátákó kékeré wà lórí rẹ̀. Mo ní, “Òun nìyí, Ìyá.” Ó wolẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ oko Manigri tó dì síbẹ̀, ó wọ́n ọn sórí ibojì náà. Ó ní, “Razak, ebè rẹ kò hu igbó o. Mo ń jẹ́ kí wọ́n máa ro ó. Ìyá ẹ ti dé. Má bínú pé mo pẹ́.” Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ ara pátákó náà, ó ní, “Ka orúkọ rẹ̀ fún mi.” Oumarou ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní, “Razak, ọmọ Aminatou.”

Ì bá sàn ká ní ó mọ síbẹ̀. Bí a ti fẹ́ dìde, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan dé tòun ti ike omi lọ́wọ́. Ó wò wá, ó fi Faransé béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé a mọ ọkọ òun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ní, “Ta nìyẹn?” Ahọ́n mi, ahọ́n burúkú yìí, kò tilẹ̀ kọsẹ̀. Mo ní, “Ẹni tó ń tọ́jú ibojì Razak ni.” Ìyá Razak bá so mọ́ obìnrin náà lọ́rùn. Ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúà, ó bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi wé e lọ́rùn. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó rò pé ẹni tó fẹ́ràn ọkọ òun ló wá láti ọ̀nà jíjìn. Opó kan àti abiyamọ kan dì mọ́ra lójú mi, wọ́n ń sunkún, ọ̀tọ̀ ni òkú ẹnìkínní, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì, èmi nìkan ni mo sì gbọ́ èdè àwọn méjèèjì. Mo dúró, mò ń túmọ̀ irọ́.

Moudachirou kò mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi kankan, kí a sì tó padà dé Cotonou, ó ti dínà fóònù rẹ̀ mọ́ mi. Ìyẹn kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ohun tó ń pa mí ni pé láti ìgbà náà ara Ìyá Razak yá gágá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń sọ bí ibẹ̀ ti rí fún àwọn obìnrin, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe mọ́, bí obìnrin kan ti ń bomi rin ibojì ọmọ òun. Tó bá gbàgbé ibì kan, á ní, “Wassila, parí ẹ̀ fún wọn.” N ó sì parí ẹ̀.

Nínú oṣù yìí ni Husseini ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá nílé, pé òun á mú àwòrán ibojì Razak dání fún Màmá. Mo di ẹrù mi, mo fẹ́ sá lọ sí Doguè. Mo rí Ìyá Razak tó ń sá èlùbọ́ nítorí àlejò, tó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin sí iwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀rín tí mo rín ní Lyon.

Kò nà mí. Kò gégùn-ún. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé ọmọ mi kò tíì rí mi ni?” Mo ní, “Kò tíì rí yín, Ìyá.” Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní síwájú yàrá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “A jẹ́ pé òní ni Razak kú. Lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Ẹni tó bá wá béèrè ohun tó dé, ìwọ ni kó o dá a lóhùn. Má fi ẹyọ kan pamọ́.”

Nouratou ló kọ́kọ́ dé. Mo sọ fún un. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọlé lọ bá Ìyá sọkún. Lọ́jọ́ Sátidé ni Husseini dé tòun ti ẹrù lórí. Mo sọ fún òun náà. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọlé, igbe sì ta nínú ilé náà bí ẹni pé ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Italie. Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì. Èsì kan náà ni Ìyá ń fún mi: “Kò tíì yá.”

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín bá wúwo lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọge ẹgbẹ́ mi, ẹ máa ka ìwé ìfẹ́ yín, mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀wé bá gbé ìwé lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ bá òun kà á, ojú rẹ̀ ló yọ fún yín yẹn. Ẹ má fi ṣeré.

Ọjọ́ karùn-ún tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà nìyí. Mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, ó ti ṣí fìlà sọ́wọ́. N ó dìde, n ó kí i, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.