Bọ́ọ̀lù Tó Dúró Sábẹ́ Igi Obì

Ìyá Morónkẹ́, ẹ má gbé àga fún mi, n kò jókòó! Ẹni tí àbúrò yín fi sílẹ̀ sí Iléṣà bí ẹrù tí kò ní ẹlẹ́rù, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jókòó? Ó dára, mo ti jókòó, àmọ́ ìbínú mi ṣì wà lórí ìdúró. Omi kẹ̀? Ẹ ṣeun, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ná.

Ọdúntán ni. Ọdúntán tí a jọ dàgbà ní Òkè Baálẹ̀ yìí, tí a jọ ń ṣa bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù fún àwọn òyìnbó rélùwéè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ Hítílà, tí a fi igi gbẹ́ ọ̀pá tiwa nítorí pé wọn kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan tiwọn. Ogójì ọdún, Ìyá Morónkẹ́! Ìyàwó mi gan-an kò tíì bá mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá rí ọ̀rẹ́ tuntun. Lọ́yà Adétọ́lá, tó ti ìlú òyìnbó dé lọ́dún tó kọjá, àti Ògúnlẹ́yẹ tó ń ra kòkó. Kò burú. Bàtà tuntun náà dára, àfi pé ó máa ń bó èèyàn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí a gbé ọkọ̀ Lọ́yà ní Sátidé, kí a lọ gbá gọ́ọ̀fù ní pápá kan lẹ́yìn Iléṣà. Ọdúntán fúnra rẹ̀ ló wá pè mí. Mo wọ ṣòkòtò mi tó dára jù. Mo dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn ni kí n wọ̀, wọ́n sì kó gbogbo àpò ọ̀pá wọn lé mi lẹ́sẹ̀. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, n kò rí igi kan, n kò rí òkè kan, irin ni mò ń wò. Ṣé mo sọ̀rọ̀? Rárá o. Mo dá àpárá kan péré, Ògúnlẹ́yẹ ní kí n má pariwo lé Lọ́yà lórí.

A dé pápá. Wallahi, mo nà wọ́n! Ọ̀pá kan ṣoṣo tí mo ní, mo fi ń na ẹni tó ní mẹ́rìnlá. Ó ku ihò kan péré, ni bọ́ọ̀lù mi bá yà, ó wọ inú oko olóko, ó dúró sábẹ́ igi obì kan. Mo dé ibẹ̀, kí ni mo rí? Àálè! Akísà pupa, ẹyọ ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín, olóko ti so wọ́n rọ̀ mọ́ igi kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, bọ́ọ̀lù mi sì jókòó sábẹ́ wọn bí àlejò tí wọ́n pè wá jẹun.

Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, kí n wá olóko, kí n tọrọ àyè. Lọ́yà wo aago. Ó ní òfin gọ́ọ̀fù kò mọ àálè, bí n kò bá gbá a, mo ti pàdánù nìyẹn. Lọ́yà ni o! Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀ jẹun ní kóòtù! Ó tún ní ẹ̀rù òrìṣà ló ń bà mí. Èmi Sàláúdéènì, tí mò ń kírun márùn-ún lójúmọ́? Ẹ̀rù akísà wo? Ohun tó bá ní olúwa, à á gbàṣẹ lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ ni. Ta ló sì kọ́ mi? Ìyá yín ni! Ẹ ò rántí? Ìyá yín tí wọ́n kó àṣà Ifẹ̀wàrà wá sí Òṣogbo, tí wọ́n so àálè mọ́ igi ìdáná wọn lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n fa èmi àti Ọdúntán létí nítorí ẹ̀ka kan péré!

Mo bá yíjú sí i. Mo ní, "Ọdúntán, ṣàlàyé fún wọn, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín nímú, ó ní, "Lọ́yà, ẹ má dá a lóhùn jàre. Ará oko ni, ojú rẹ̀ ò tíì là." Èmi! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú!

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì bẹ̀ mí, ó kù. Lọ́yà ní, "Ó dáa, Ọdúntán, ìwọ tí ojú rẹ là, lọ mú bọ́ọ̀lù náà wá kí a máa lọ." Háà! Ó tẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ méjì. Ó wo akísà pupa. Akísà pupa wò ó. Ni ìbàdí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun àbúrò yín! Ìbàdí tó ti ń yí bí òkòtó láti àárọ̀! Ó ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ wá olóko. Ìyá arúgbó kan ni, Ìbíjọkẹ́ lorúkọ wọn. Àwọn fúnra wọn ló mú bọ́ọ̀lù náà fún mi, wọ́n tún fi obì mẹ́ta lé e. Mo padà dé pápá, eruku ọkọ̀ ni mo bá. Wọ́n ti lọ! Orí àpò kòkó nínú lọ́rì ni mo jókòó lé dé Òṣogbo, tèmi ti ṣòkòtò mi tó dára jù.

Kí n fi ti Ọlọ́run ṣe? Ti Ọlọ́run ni mò ń fi ṣe látàárọ̀, òun náà ni mo fi lè jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kó má wá bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ojú Lọ́yà ló ti bú mi, ojú Lọ́yà ni kó ti sọ ọ́ pé ìbàdí kò dun òun, pé ìyá òun ló kọ́ òun nípa àálè, òun sì rántí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò burú. Ẹ kàn sọ fún un pé bí èmi bá kọ́kọ́ kú, kó má sọ̀rọ̀ níbi òkú mi, kó má pè mí ní ọ̀rẹ́. Àmọ́ bí òun ló bá kọ́kọ́ kú, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi ni n óò sọ̀rọ̀. N óò wọ agbádá, n óò dúró níwájú gbogbo ẹbí, Lọ́yà yóò wà níbẹ̀, n kò sì ní í kánjú.